Kí Eyín Tó Dun Ọmọ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní adìyẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ń ráhùn pé òun kò ní eyín. Ṣé ìdérègbè tí ó ní eyín ń gbé irin mì ni? Adìyẹ lè fi àìléyín ṣe ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn kò rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Bí eyín bá ti bàjẹ́, oúnjẹ kò lọ, oorun kò kun ojú, ẹ̀rín pàápàá a di ohun tí a ń fi ọwọ́ bò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 2022 pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 3.5 ènìyàn tí àrùn ẹnu ń bá jà, àti pé mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni ó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ tó, irú bí tiwa. Àjọ náà fẹ́ kí ó tó di 2030, kí ìdá 80 nínú 100 àwọn ènìyàn ayé ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ẹnu tí ó ṣe kókó. Ọdún náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó yẹ kí á yẹ ilé ara wa wò.

Ohun tí a bá nílé kì í ṣe kékeré. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ènìyàn tó bá àgbà sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀, ó yẹ kí ó ti fọ ẹnu. Orín ata a máa ta ni lẹ́nu; orín ìdí, orín Ìjẹ̀bú àti igi ewúro náà ní àwọn tí ó fẹ́ràn wọn. Àwọn onímọ̀ ti yẹ irú igi bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé oje àwọn kan nínú wọn ń dí àwọn kòkòrò àìfojúrí ẹnu lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá pe orín ní ìwà ará oko kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá nílé ni ó dára. Ọ̀pọ̀ òbí ṣì gbà pé eyín híhù ni ó ń fa ibà líle àti ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ ọwọ́. Eyín híhù lè mú kí èrìgì yún ọmọ, kí itọ́ sì máa dà lẹ́nu rẹ̀. Ibà líle àti ìgbẹ́ gbuuru ní orísun mìíràn, ilé ìwòsàn ni ó sì yẹ kí a gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ kíákíá. A kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín 2008 sí 2009, nígbà tí májèlé wọ inú oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà fún eyín híhù ní Nàìjíríà. Ọmọ tí ó lé ní 80 ni ó bá a lọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kòkòrò eyín. Kì í ṣe ìdin ni ó ń gbẹ́ eyín. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó ń sọ ṣúgà tí a jẹ di èròjà kíkan, èròjà náà ni ó sì ń yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí ọtí ẹlẹ́rìndòdò fi kàn wá. Òfin ìnáwó ọdún 2021 bu owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Àwọn elétò ìlera ní owó náà kéré jù. Àwọn tí ń ṣe é ní àfikún yóò pa iṣẹ́ run. Kí ìjọba tó parí ẹjọ́ náà, ìyá kò nílò òfin kí ó tó fi omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò nínú àpò ọmọ iléèwé.

Ọ̀rọ̀ ńlá mìíràn ni ti mẹ́kúrì, tí ó wà nínú èròjà aláwọ̀ fàdákà tí a fi ń dí ihò eyín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àdéhùn Minamata fẹnu kò ní Geneva pé kí lílò rẹ̀ dópin ní 2034. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà. Kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀? Láti 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride, símẹ́ńtì eyín kan tí kò ní mẹ́kúrì, àti oògùn olómi kan tí ó ní fàdákà, sínú àkójọ àwọn oògùn tí kò ṣeé máà ní. Bí a bá fi oògùn olómi náà kun ojú ihò eyín, jíjẹrà rẹ̀ a dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ibẹ̀ a dúdú. Kò bèèrè iná mànàmáná, kò bèèrè ẹ̀rọ tí ń lu eyín. Ó lè dé abúlé tí dókítà eyín kò dé, bí ìjọba bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀ bí a ti ń lò ó. Èyí gan-an ni ó yẹ kí a máa bi àwọn aṣojú wa ní ọdún tí ń bọ̀.

Orín àti ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ẹni tí ó ń lo orín, kí ó máa lò ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ó fi ọṣẹ tí ó ní fluoride kún un, láàárọ̀ àti kí ó tó sùn. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan tó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ máa yẹ ẹnu àwọn ọmọ wò bí ẹ ti ń yẹ èékánná wọn wò. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má jẹ́ kí ó di ọjọ́ tí eyín bá mú ẹkún wá kí a tó rántí ilé ìwòsàn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá.