Ẹ Má Sọ Gbogbo Akọni Di Bákan Náà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ní kí agbára gbogbo akọni inú eré Dungeons & Dragons dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má baà di òǹwòran nídìí tábìlì. Àròyé rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti lo oògùn tó júwe yẹn rí.

Ní 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré náà jáde, akọni mẹ́ta ló wà: jagunjagun, onídán àti àlùfáà. Ọfọ̀ kan ṣoṣo ni onídán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní lóòjọ́. Tó bá ti pè é tán, ẹ̀yìn jagunjagun ló kù tí yóò sá sí. Bó bá dàgbà tán ńkọ́? Ta ní tó o kò lójú! Àìdọ́gba yẹn gan-an ló ń mú kí wọ́n nílò ara wọn.

Ẹ̀dà kẹrin eré náà, ti 2008, wá fún gbogbo wọn lágbára lọ́nà kan náà: ti ìgbàkígbà, ti ẹ̀ẹ̀kan lójú ìjà, ti ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ó dọ́gba lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ eléré sì ní àwọn kò mọ onídán yàtọ̀ sí jagunjagun mọ́. Àwọn kan ṣí lọ sídìí eré mìíràn tó ń jẹ́ Pathfinder ní 2009. Ẹ̀dà karùn-ún, ti 2014, kò tẹ̀ lé ìlànà náà mọ́.

Kí òǹkọ̀wé yín kọ́kọ́ bá ẹni tó ń darí eré wọn sọ̀rọ̀, kó tó ní kí wọ́n tún ìwé òfin kọ.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé kan, Ìbàdàn