Àìsàn Là Á Wò, A Kì í Fi Í Pamọ́

Ní Woolwich níbí, láti Powis Street dé ọjà Beresford Square, bí ọwọ́ bàbá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohun tí a ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ayé ló ń ṣe é." Àwa kò gbà. Ó lè jẹ́ àìsàn Parkinson.

Ní 2023, àwọn onímọ̀ láti Èkó, Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo wà lára wọn, kéde pé ìyípadà kan wà nínú jíìnì GBA1, tí ó wọ́pọ̀ lára àwa ọmọ Áfíríkà, tí ó sì ṣọ̀wọ́n lára òyìnbó. Ẹni tí ó jogún ẹyọ kan, ewu rẹ̀ di ìlọ́po 1.5, ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, nǹkan bí 3.5. Kì í ṣe ìdájọ́ o: ọ̀pọ̀ tí ó ní i kò ní ṣàìsàn náà láé.

Kí ló dé tí ó fi pẹ́? Ẹ̀jẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ń yẹ̀ wò jù. Àwa tí ń ṣírò owó mọ̀ pé ohun tí kò sí nínú ìwé, kò sí ẹni tí yóò kà á.

Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ fi wá dánra wò. Ìfura tọ́, ọ̀rọ̀ Kánò ní 1996 kò tíì kúrò lọ́kàn wa. Nítorí náà, ẹ bèèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ, kí ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ̀ jálẹ̀: oògùn tí a kò sí níbi ìwádìí rẹ̀ lè má bá wa lára mu.

Ẹ sọ àìsàn bàbá àgbà fún àwọn ọmọ. Ogún ni òun náà.