Ẹ pe kápẹ́ńtà kẹ́ ẹ tó pe katakata

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti dé Brighton, tẹ́ ẹ sáré ya fọ́tò níwájú àwọn ilé àtijọ́ tó tò lọ rẹrẹ létí òkun, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Fọ́tò yẹn dáa. Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin náà lẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ sí Àyèká pé kí wọ́n wó ilé bàbá yín àgbà?

2/ Ẹ ní ilé alámọ̀ ni. Ó dáa. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ògiri òyìnbó yẹn? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, òkúta wẹ́wẹ́ àti àfọ́kù bíríkì ni wọ́n rọ́ pọ̀. Bungaroosh ni wọ́n ń pè é. Wọ́n wá rẹ́ iwájú ẹ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà. Bàbá yín àgbà náà fi amọ̀ mọ ọ́n, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Kí wá ni ìyàtọ̀?

3/ Ẹ má sọ pé ilé tiwọn kì í gbó o. Ní Hove, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Brighton, wọ́n kọ́ Brunswick Town ní àwọn ọdún 1820 fáwọn olówó tó ń wá gbafẹ́ létí òkun. Ní 1945, kańsù ibẹ̀ fẹ́ wó o. Àwọn èèyàn dá Regency Society sílẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ilé ṣì wà níbẹ̀. Ìjà ló gbà á là.

4/ Àwa ńkọ́? Ilojo Bar ní Tinubu Square, l'Ékòó: ilé Àgùdà, 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin wà o, ilé ni ò sí mọ́.

5/ "Òrùlé ń jò." Ẹ pààrọ̀ páànù! Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ sùn nínú ilé tó fẹ́ wó lù yín. Àmọ́ sàréè àwọn bàbá yín wà níbẹ̀. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé lọ́la, ilé yẹn ni ẹlẹ́rìí yín. Ẹ fẹ́ wó ẹlẹ́rìí yín, kẹ́ ẹ kọ́ dúpúlẹ́ẹ̀sì tí ẹ máa sùn sí lọ́jọ́ mẹ́ta nígbà Kérésì, tí mègádì á máa gbé láti January.

6/ Ẹ bínú sí mi tó bá wù yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó pe katakata, ẹ kọ́kọ́ pe kápẹ́ńtà, ẹ bi í pé èló ni.