Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀gá Panápaná Ríbi Dúró

Níbi tí iná bá ti ń jó, ọ̀gá panápaná ni àwọn èrò sábà máa ń kọ́kọ́ bú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń fa rọ́bà omi, wọ́n ń sáré, wọ́n ń pariwo síra wọn. Òun dúró sí ọ̀ọ́kán, wokitókì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀, ó tún ń yí ilé náà ká. "Ẹ ẹ̀ rí ọ̀gá yìí, ìran ló ń wò!" Ẹnì kan á ní kí wọ́n gba rọ́bà lọ́wọ́ wọn, ẹlòmíràn á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa òkò. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ wúwo tó ti ẹni tó dúró yẹn, ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin. Ẹ má sì jẹ́ kí ti obìnrin yà yín lẹ́nu: obìnrin ni Margaret Adeseye tó di olórí gbogbo panápaná Ìpínlẹ̀ Èkó.

Kí wá ni ọ̀gá yìí ń wò? Ibi tí atẹ́gùn dorí kọ ló ń wò, nítorí ibẹ̀ ni iná máa gbà. Ó ń wo èéfín. Bí èéfín dúdú bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, tó sì tún ń fà padà sínú, ó mọ̀ pé ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn lójijì, gbàmù ni iná máa bú sí i lójú. Ó ń wo wáyà tó gba orí ilé kọjá, nítorí bí iléeṣẹ́ mànàmáná IBEDC kò bá tíì pa iná àdúgbò, omi tó fẹ́ fi gba ilé là lè pa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń bi àwọn aládùúgbò léèrè: ta ló kù sínú ilé? Yàrá wo ló wà? Sílíńdà gáàsì ńkọ́? Ibo ni wọ́n ń tọ́jú epo jẹnẹrétọ̀ sí? Kò sì ní àkókò púpọ̀ tó fi máa rò ó. Ó lè jẹ́ pé èèyàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé jáde. Ó lè jẹ́ pé ilé kejì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bomi rin kí iná má baà ràn mọ́ ọn. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti wọlé ni kó yára pè jáde, nítorí pákó òrùlé ti jó dé ibi tó máa já. Òun ni ìyáàlù tó ń darí àwọn omele. Bó bá gbé ìlù sílẹ̀ tó bọ́ sí agbo ijó, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Àṣẹ kan tó pẹ́ jù lè di ikú. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, iná sọ ní Grenfell Tower, ilé gogoro kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Aago kan òru ku ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n pe panápaná. Ìlànà tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé kí àwọn tí iná kò sí ní fúláàtì wọn jókòó sínú ilé. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni wọ́n tó yí ọ̀rọ̀ náà padà pé kí gbogbo èèyàn máa sá jáde. Èèyàn 72 ló kú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí sọ lọ́dún 2019 pé ó yẹ kí àṣẹ tuntun yẹn ti jáde láàárín aago kan ààbọ̀ sí aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlú tí ọkọ̀ panápaná pọ̀ nìyẹn, tí omi wà lábẹ́ títì, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti kàwé iṣẹ́ náà dáadáa. Wákàtí kan ló wà láàárín kí ó tètè yé wọn àti kí ó pẹ́ jù. Ẹ wá fi ojú inú wo ọ̀gá tiwa níbí, ní Asese ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìdajì ojú rẹ̀ wà lára iná, tí ìdajì kejì ń ṣọ́ àwọn tó fẹ́ lu òun.

Àwa tí a ń gbé láàárín Ibafo sí Mowe, iná tó yẹ kó máa já wa láyà jù ni iná tánkà. Ẹnu ọ̀nà wa ni òpópónà Èkó sí Ìbàdàn gbà, epo tó ń lọ sókè ilẹ̀ yìí ló ń gba iwájú wa kọjá tọ̀sán-tòru. Páìpù epo tó ń bọ̀ láti Atlas Cove lọ sí Mosimi ní Ṣàgámù náà gba àgbègbè wa. Arepo tó wà nítòsí wa mọ bí iná páìpù ṣe ń rí, nítorí lóṣù Kìíní ọdún 2013 iná ńlá sọ níbẹ̀ níbi tí àwọn olè ti bẹ́ páìpù. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, tánkà kan ṣubú lórí afárá Otedola, létí Bágà, nírọ̀lẹ́ tí àwọn èèyàn ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó ju àádọ́ta ọkọ̀ lọ tó jóná. Nínú àwọn tó ń gba ọ̀nà yẹn wálé lójoojúmọ́, èèyàn wa pọ̀.

Tí tánkà bá ṣubú tí kò tíì gbiná, ara máa ń tu àwọn èrò, wọ́n á ní Ọlọ́run ti yọ wọ́n. Lójú ọ̀gá panápaná, ìgbà yẹn gan-an ni ewu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í lọ sókè, ilẹ̀ ló máa ń fà tẹ̀ lé, á wọ gọ́tà, á rìn gba abẹ́ ìsọ̀ kọjá títí á fi dé ibi tí ẹnì kan ti ń dín àkàrà. Ìyá alákàrà náà lè má tilẹ̀ gbọ́ pé tánkà ṣubú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iná máa gba ojú ọ̀nà tí oru náà gbà wá padà síbi tí epo wà. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi máa ń ní kí wọ́n dí ọ̀nà méjèèjì, kí wọ́n pa iná ààrò, kí ọlọ́kadà pa ẹ́ńjìnnì, kí èrò sì jìnnà débi tí ojú tiwa kò fi ríran mọ́. Ó máa ń dùn wá, nítorí a fẹ́ràn ìran. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí wọ́n da fóòmù funfun bo ojú epo, kí oru má baà ríbi jáde. Ẹni tí kò mọ̀ á máa pariwo pé omi ni kí wọ́n dà sí i. Bí a bá da omi lásán sí bẹntiróòlù tó ń jó, epo á léfòó sórí omi, omi á sì gbé iná náà rìn wọ àdúgbò.

Àwọn tó máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì jáde ńkọ́? Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, tánkà kan ṣubú lóru ní Majiya, ní Ìpínlẹ̀ Jigawa. Àwọn ará ìlú tú jáde tàwọn ti bàkẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́pàá gbìyànjú láti lé wọn, wọn ò gbọ́. Ó lé ní 150 èèyàn tó kú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2025, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní oríta Dikko nítòsí Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí tánkà tó gbé 60,000 lítà ti dànù. Ó lé ní 80 èèyàn tó bá a lọ. Ìjọba wá pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún náà, tánkà tó gba 60,000 lítà kò gbọ́dọ̀ gbé epo ní ibùdó epo kankan mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó gba 45,000 lítà ṣì ń kọjá níwájú ilé wa. Kẹ́ẹ̀gì kan, lítà 25 ni. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta lítà kan lónìí ṣírò rẹ̀, kí ẹ wá lọ bi ẹnikẹ́ni tó ti tọ́jú aláìsàn tí iná jó pé èló ni bándéèjì ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀sùn tó máa ń mú kí òkò fò jù ni pé panápaná wá láìgbé omi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tí wọn kì í purọ́, n kò sì ní ká pè wọ́n lónírọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ọkọ̀ ńlá kan gbé omi 10,000 lítà dé. Ká ní rọ́bà méjì ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú 500 lítà ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi ti tán. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kò ní dúró dìgbà tó bá tán kó tó rán ọkọ̀ lọ pọn sí i. Èyí tí a bá rí tó ń sáré jáde ní àdúgbò, tí a ń pè ní ojo, omi ló lọ pọn. Ní Asese, kànga àti bọ̀hólù ni oríṣun omi wa. Bí ọ̀gá kò bá mọ ilé tí tánkì ńlá wà tàbí iléeṣẹ́ tó lè fún un lómi, Ibafo tàbí Mowe ni ọkọ̀ náà máa sá lọ, sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kí ló dé tí a kò lè kọ orúkọ àwọn ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún un kí iná tó sọ?

Òótọ́ ni pé ọkọ̀ panápaná kò tó, pé òmíràn ti dẹnu kọlẹ̀, pé àwọn èèyàn ti pọ̀ sí i ní ọ̀nà yìí ju bí ìjọba ṣe ń múra sílẹ̀ lọ. Ọdún 1901 ni ẹ̀ka panápaná ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọlọ́pàá ní Èkó, òfin tó dá ti ìjọba àpapọ̀ dúró lọ́tọ̀ sì jáde lọ́dún 1963. Ó ti pẹ́ tó kí ó ti dé ojúlé gbogbo ènìyàn. Ẹ gbé ìbínú yẹn lọ sọ́dọ̀ aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abẹ́òkúta, kí ẹ sì gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ọmọ tó wọ àṣíborí wá pa iná kọ́ ló ń pín owó ìjọba.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ iná pípa ni iṣẹ́ ọ̀gá panápaná tí a kì í rí. Kí iná tó sọ, òun ló yẹ kó wọ ilé epo, ọjà, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn àti ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì, kó wo ohun tó lè bàjẹ́. Àwa sì máa ń sá fún un. Tó bá ní kí wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù gáàsì kúrò láàárín ilé méjì, olówó gáàsì á ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa mú nǹkan", onílé á sì bá a bẹ̀bẹ̀ nítorí owó ìsọ̀. Gáàsì ìdáná náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Lítà kan rẹ̀ tó jẹ́ omi nínú sílíńdà, bó bá tú jáde, á di bíi 270 lítà gáàsì, tó ń rá mọ́ ilẹ̀, tó ń wá iná kiri. Òórùn burúkú tí a ń gbọ́ yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, kí imú lè kìlọ̀ fún wa. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn náà tó sì tan iná mànàmáná láti fi wò ó ti ṣe ohun tí kò yẹ. Ká ṣí fèrèsé, ká ti sílíńdà pa, ká jáde.

N kò ní purọ́ fún yín, àwọn kan wà nínú àwọn tó ń yẹ ilé wò yìí tó jẹ́ pé àpò ara wọn ni wọ́n wá ń bẹ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó tí kò ní rìsíìtì, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ẹ gbé sílíńdà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, ẹ gbé e, ẹ má wo ojú rẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ jó lóru, ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2020, nígbà ọyẹ́, nígbà tí olúkálùkù ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ sílé. Kí ẹnikẹ́ni tó jí, ọjà ọ̀pọ̀ ọdún ti di eérú. Ọjà tí kò ní ọlọ́dẹ tó mọ nọ́ńbà panápaná, tí kò sì ní àyè láàárín ìsọ̀ sí ìsọ̀, kò sí ọ̀gá tó lè gbà á là.

Nọ́ńbà náà ni 112, kò gba owó. Ẹ jáde kúrò nínú ilé kí ẹ tó pè é, ẹ má sì kàn sọ pé "Iná ń jó o" kí ẹ pa fóònù. Ẹ sọ ohun tó ń jó, bóyá èèyàn wà nínú rẹ̀, àti ibi tó wà. Púpọ̀ nínú òpópónà wa kò ní pátákó. Nítorí náà, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni kí ẹ fi júwe: ibùdó àdúrà àwọn Mùsùlùmí NASFAT, ilé epo, ilé ẹ̀kọ́, afárá. Kí ẹ sì rán ọlọ́kadà kan síta sí ojú títì márosẹ̀, kí ó dúró de ọkọ̀ wọn, kí ó sì ṣíwájú wọn wọlé.

Ohun tó kù ló ń bí mi nínú jù. Nítorí kí ọkọ̀ tó ń gbé iyanrìn má baà ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ onílé ti fi irin dábùú òkè géètì wọn. Ọkọ̀ panápaná ga ju mítà mẹ́ta lọ, fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà méjì ààbọ̀. Kò ní lè kọjá. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń ti géètì náà, ọlọ́dẹ á sì mú kọ́kọ́rọ́ sùn síbì kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Níbi ìpàdé àwọn onílé tó ń bọ̀, kí wọ́n tó dá owó pátákó tuntun, kí ẹnì kan mú okùn ìwọ̀n dání lọ wọn géètì, kí wọ́n gé irin tó bá sọ̀ kalẹ̀ jù, kí wọ́n sì dárúkọ èèyàn mẹ́ta tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ wọn ní aago méjì òru, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, kí wọ́n sì mú ìwé náà lọ fún ọ̀gá panápaná tó sún mọ́ wa jù.