Igbó Kì í Ṣe Ọjà Ààfin

Ó ṣòro láti rí oyè kan ní Kétu, ní Ṣábẹ tàbí ní ìlú Yorùbá mìíràn tí igbó kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ewé akòko tí a ń fi sórí olóyè, ara igi ni a ti ń já a. Ìlù tí ó ń kí ọba, igi ọmọ̀ àti igi apá ni àwọn agbẹ́gi fi ń ṣe é. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ó gbé orúkọ Kétu dé òkè òkun, igi ni. Nígbà tí àwọn àgbà bá sì ń pìtàn bí a ṣe tẹ Kétu dó, ọdẹ, ẹni tí ó mọ ojú igbó, ni wọ́n máa ń fi ṣe amọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ igi gígé kò kan ẹnikẹ́ni bí kò ṣe àwọn onígẹdú àti òṣìṣẹ́ ìjọba, kò tíì wo ààfin dáadáa. Ọ̀rọ̀ adé ni.

Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ìran ènìyàn. Ní ọdún 2008, ó wọ inú àkọsílẹ̀ àgbáyé ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Iyì ńlá ni èyí fún ìran Kétu, ó sì yẹ kí inú ọmọ bíbí ibẹ̀ máa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ijó, orin àti ère ni ìwé náà ń dáàbò bò. Igi tí agbẹ́gilére yóò gbẹ́ ní ogún ọdún sí i kò sí nínú rẹ̀. Ìyẹn kù sọ́wọ́ àwọn tí ó ni ilẹ̀.

Ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà kò dára. FAO, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣírò pé igbó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ó jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 4.8 hẹ́kítà ní ọdún 1990 ti dín kù sí nǹkan bí mílíọ̀nù 3.1 ní ọdún 2020. Láàárín ọgbọ̀n ọdún péré, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tí ó ti pòórá. Àdánù yìí yóò ro ènìyàn lára ju ti ibòmíràn lọ, nítorí pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni igbó ti ṣọ̀wọ́n ní ẹkùn yìí. Igbó kìjikìji tí ó tẹ́ rẹrẹ káàkiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà já ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, ọ̀dàn sì gba àlàfo náà títí dé etí òkun. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Àlàfo Dahomey. Òjò ibẹ̀ kò tó ti ilẹ̀ ẹ̀gàn tí ó wà ní ìlà oòrùn àti ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Ẹni tí ó ní aṣọ mẹ́wàá lè fi ọ̀kan nulẹ̀. Ẹni tí kò ní ju ẹyọ kan lọ gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ti lò ó.

Kì í ṣe ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó ń pa igbó náà. Iṣu fẹ́ràn ilẹ̀ titun, nítorí náà àgbẹ̀ ń ṣán igbó síwájú lọ́dọọdún. Òwú, sóyà àti kajú náà ń bèèrè ààyè tiwọn. Ní ìhà Ṣábẹ, Ouèssè àti Tchaourou, àwọn ènìyàn ń sun igi di èédú láti fi bọ́ ìdáná Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tà á jẹ́ obìnrin tí kò ní ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò fi san owó ilé ìwé ọmọ. Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni ayùn ẹlẹ́rọ dé, èyí tí í fi wákàtí kan wó igi tí ó ti wà kí baba baba ẹni tó dáyé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òwò gẹdú ṣe lè pa igi kan run, kí ó wo ọ̀rọ̀ kosso, igi tí àwọn elédè Faransé ń pè ní vène. Inú ọ̀dàn ni ó ń hù, kì í sì í tètè dàgbà. Àwọn darandaran máa ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún ẹran jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn oníṣègùn ń lo èèpo rẹ̀, káfíńtà sì mọyì rẹ̀. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá kò sì tán. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a fún àga àti tábìlì olówó iyebíye, ohun gbogbo yí padà. Láàárín ọdún mélòó kan, ó di igi tí gbogbo ayé ń ṣe òfin lé lórí. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ó wà nínú ewu, ti bẹ̀rẹ̀ sí í de títà rẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n tilẹ̀ ní kí òwò rẹ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti ń hù dúró ná. Òfin dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ igi ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ni ó dé.

Àwọn kan a máa sọ pé kò sí ohun tí ó burú nínú gígé igi, bí a bá ti lè gbin òmíràn dípò rẹ̀. Wọn a nawọ́ sí oko tíìkì tí ó wà káàkiri gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Tíìkì wúlò, ó ń hù kíákíá, ó ń mú owó wá, ó sì dára fún òpó àti pákó. Àmọ́ igi Éṣíà ni, oko tíìkì kò sì lè di igbó. Nínú rẹ̀, igi kan náà ni yóò tò lọ bí ọmọ ogun, abẹ́ rẹ̀ a máa ṣófo, ewé egbòogi kò sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Ìrókò fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ìrókò ní akọ, ó ní abo. Bí a bá gé abo tán ní àdúgbò kan, akọ tí ó kù kò lè so èso. Àdán ni ó ń jẹ èso rẹ̀, òun ni ó sì ń tú irúgbìn rẹ̀ ká láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹni tí ó bá gbìyànjú láti fi ìrókò nìkan ṣe oko bí ẹní fi tíìkì ṣe é, kòkòrò kékeré kan yóò ba a jẹ́: yóò wọ inú ewé ọ̀dọ́, ewé náà yóò wú ní kókó, ọ̀jẹ̀lẹ́ igi náà yóò sì kú. Bí ó bá wà láàárín àwọn igi mìíràn, ó ṣeé ṣe kí ó yè. Ìyẹn ni pé igbó ni ó ń bí ìrókò. Ẹni tí ó bá ta igbó nítorí pé òun yóò gbin ìrókò padà, ó ta ìyá, ó sì ń retí ọmọ.

Ìpalára náà kò mọ sí orí igi. Gbòǹgbò ni ó ń di ilẹ̀ mú lẹ́bàá odò Ọ̀pàrà àti lẹ́bàá Ouémé tí ó ń ṣàn sí. Níbi tí igi etídò ti tán, òjò a máa gbá ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ, iyanrìn a sì máa di ojú odò. Nǹkan mìíràn wà tí kò ṣeé fi owó dá padà: ewé tí babaláwo àti oníṣègùn mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọmọ rẹ̀ kò ní lè fojú rí. Ìmọ̀ tí kò ní ohun tí a lè tọ́ka sí mọ́ kì í pẹ́ di àlọ́.

Ta ni ó ni ẹ̀bi? Ìtàn kò jẹ́ kí ìdáhùn rọrùn. Nígbà àtijọ́, igbó kan wà fún Orò, òmíràn wà fún Egúngún, òmíràn sì jẹ́ ti ọba. Èèwọ̀ ni ó ń ṣọ́ wọn, ọba ni ó sì ń ṣọ́ èèwọ̀ náà. Nígbà tí àwọn Faransé dé, wọ́n sọ púpọ̀ nínú igbó di ti ìjọba, bí Dogo àti Kétu, bí Toui-Kilibo. Ní Àjàṣẹ́, igbó mímọ́ àwọn ọba ni wọ́n sọ di ọgbà tí wọ́n ti ń dán ohun ọ̀gbìn wò. Òun ni a mọ̀ lónìí sí Jardin des Plantes et de la Nature. Láti ìgbà náà ni igbó ti dà bí ohun aláìlólúwa lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ará ìlú ní ti ìjọba ni, òṣìṣẹ́ ìjọba kò pọ̀ tó láti ṣọ́ ọ, onígẹdú sì gba àárín wọn kọjá.

Síbẹ̀, ìjọba nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi. Bí olórí ìdílé tàbí olóyè bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gé igi inú igbó àjogúnbá, kò lè di ẹrù náà ru òyìnbó. Àwáwí tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ààfin kò ní owó, pé òrùlé ń jò, pé ọdún ìbílẹ̀ ń náni lówó. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè ta igi tí ó ti lo igba ọdún. Ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ kò ni igbó náà ju ọba tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn, nítorí ẹ̀sìn wọn, kò fẹ́ kí ohunkóhun dà wọ́n pọ̀ mọ́ igbó òrìṣà. Ẹ̀rí ọkàn wọn yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n omi tí igbó ń pa mọ́ kì í bèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tí ó bù ú mu. Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tí ó tó nǹkan bí hẹ́kítà 75 wọ inú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ìlú náà sì ń fi í yangàn.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1998 ka igbó mímọ́ 2,940 ní Bẹ̀nẹ̀, gbogbo wọn lápapọ̀ kò sì ju hẹ́kítà 18,360 lọ. Wọ́n kéré, àmọ́ wọ́n ṣì wà, nítorí pé ẹnì kan ń ṣọ́ wọn. Ní ọdún 2012, ìjọba gbé àṣẹ kan jáde lórí bí a ṣe gbọdọ̀ bójú tó irú igbó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún ṣe òfin lórí oyè ìbílẹ̀. Ọba tí òfin ti mọ̀ lọ́ba kò gbọdọ̀ jẹ́ kí igbó rẹ̀ wà láìní ìwé.

Bí igi bá wó lu igi, ti òkè ni a kọ́kọ́ ń gbé. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ààfin kọ̀ọ̀kan ka igbó rẹ̀, kí ó fi ààlà sí i níṣojú àwọn ìdílé tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì kómúnù. Èkejì ni kí ẹnikẹ́ni má ta igi igbó àjogúnbá ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni kí a fún ẹgbẹ́ ọdẹ ní iṣẹ́ ṣíṣọ́ igbó, kí a sì sanwó fún wọn. Àwọn ọmọ tí ó wà ní Kútọnu, ní Èkó àti ní Faransé, tí wọ́n ń dáwó aṣọ ọdún lọ́dọọdún, lè dá díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọ̀gbìn ìrókò, apá àti ọ̀gànwó, kí a máa gbìn wọ́n sáàárín igi tí ó kù. Ní ti àwọn obìnrin elédùú, a kò lè dí wọn lọ́nà lásán. Ilẹ̀ tí ó ti gbó ni kí a gbin akásíà sí fún wọn, nítorí ó ń hù kíákíá, ó sì dára fún iná.

Àwọn àgbà máa ń kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń gé igi nígbó, kí ó fi ọ̀rọ̀ ro ara rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kan, wọn yóò fi ọmọ kan jọba ní Kétu, wọn yóò sì ní kí ẹnì kan lọ já ewé wá. Ìpinnu tí àwọn tí ó wà lórí ilẹ̀ lónìí bá ṣe ni yóò sọ bóyá ẹni náà yóò mọ ibi tí yóò yà sí.