Ẹ Gbé Ọ̀bẹ Yín Lọ Bá Ẹni Tó Ń Rán Àkọ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kánò àti gbogbo òkè Ọya, àwa tí a ń ta ọ̀bẹ ní Sábọ́n Gàrí ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ. Ẹ ó ra ọ̀bẹ olówó ńlá, bó bá wá di ti àkọ̀, ẹ ó ní ká fi bébà wé e. Bébà kẹ̀! Ọ̀bẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, nínú àpò ìyá alásè, nínú Adaidaita tí èèyàn mẹ́ta fún mọ́ra wọn sí, lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò. Itan ta ni ọ̀bẹ yẹn máa kọ́kọ́ wọ̀?

Àwọn mìíràn a lọ ra àkọ̀ tó wà nílẹ̀ ní ọjà Kurmi. Wọ́n rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n awọ ewúrẹ́ ló pọ̀ nínú wọn, fẹ́lẹ́ ni, ó dáa fún àpò owó àti tìmùtìmù. Awọ màlúù tó nípọn tó milimítà 3 ni ojú ọ̀bẹ ń fẹ́. Ẹ bèèrè bóyá bagaruwa ni wọ́n fi ṣe awọ náà, torí èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe lè mú kí irin dípẹtà. Àwọn àgbà ní ilé ara rẹ̀ ni idà ń wó, ó lóun ń ba àkọ̀ jẹ́. Àkọ̀ tí kò dáa náà máa ń ba ọ̀bẹ jẹ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ gan-an nìyí: ẹ gbé ọ̀bẹ náà lọ fún baduku, ẹ má kàn fẹnu júwe rẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á rẹ awọ sómi, á fi ọ̀rá wé ọ̀bẹ, á tẹ awọ mọ́ ọn lára, á wá jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji. Ọ̀bẹ yẹn nìkan ló máa bá mu. Ẹ wo etí ibi tó rán dáadáa. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà láàárín awọ méjèèjì, kí ojú ọ̀bẹ má baà máa gé òwú. Bí kò bá sí, òwú á máa já díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ bá yọ etí síta. Àwọ̀ àti ọnà ara rẹ̀ làwọn èèyàn ń wò, wọn kì í wo ibẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ gbọ̀n ọ́n. Lórí iyẹ̀pẹ̀ ni o, ẹ má ṣe é lórí ẹsẹ̀ yín. Bí ọ̀bẹ bá jábọ́, ẹ dá àkọ̀ padà. Bó bá sì gba ìjàkadì kó tó jáde, ó ti fún jù, ìyẹn náà léwu.

Ẹ̀yin ọdẹ àdúgbò tó ń fi tiyín kọ́ bẹ́líìtì, ẹ̀gbẹ́ ni kó wà. Ẹ má gbé e síwájú, ẹ ṣáà máa jókòó.

Ẹnì kan á ní owó àkọ̀ ti pọ̀ jù. Owó tí wọ́n ń gbà rán ojú egbò ní ọsibítù ńkọ́? A ò pọlówó ọjà o, a kì í ta àkọ̀ rárá. Ẹ̀yin alásè, bẹ́ ẹ bá délé, ẹ yọ ọ̀bẹ jáde, ẹ nù ún gbẹ. Awọ máa ń mu omi, pàápàá nígbà òjò.