Ẹ Jẹ́ Kí Eré Blokus Wọ Kíláàsì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ nípa eré kan tí à ń pè ní Blokus? Ilẹ̀ Faransé ni ó ti jáde ní ọdún 2000, Bernard Tavitian ni ó ṣe é. Àwọn àgbàlagbà kan máa ń sọ pé ilé-ìwé kì í ṣe ibi eré. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Pátákó eré yìí ní ilé 20 ní òró àti ilé 20 ní ìbú. Ènìyàn mẹ́rin ni ó ń ṣe é, àwọ̀ tirẹ̀ sì ni ti olúkúlùkù. Ègé 21 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, kò sì sí méjì tí ó rí bákan náà nínú wọn. Kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ 21? Ẹ mú ìwé ìṣirò yín tí ó ní ilà onílé kéékèèké, kí ẹ yà wọ́n. Onílé kan jẹ́ ẹyọ kan. Onílé méjì, ẹyọ kan. Onílé mẹ́ta jẹ́ méjì: èyí tí ó gùn gbọọrọ àti èyí tí ó tẹ̀. Onílé mẹ́rin jẹ́ 5, onílé márùn-ún sì jẹ́ 12. Bí ẹ bá yí ègé kan po tàbí tí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, òun náà ṣì ni. Ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ wò ó.

Ègé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bo igun pátákó. Lẹ́yìn náà, gbogbo ègé tí ẹ bá fi lélẹ̀ gbọ́dọ̀ fi igun kan igun ègé yín mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wọn kò gbọdọ̀ kanra. Ti ẹlòmíràn lè kàn yín bó ti wù ú. Òfin kan yìí ni ó dùn jù lójú mi, nítorí pé ó ń mú kí ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín igun àti ẹ̀gbẹ́ láìsí pé olùkọ́ ń pariwo. Ẹni tí ègé rẹ̀ bá wọlé tán gba máàkì 15. Bí onílé kan bá ni ó fi kẹ́yìn, 20 ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe tètè ná èyí tí ó kéré jù. Àwọn ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ lò.

Olùkọ́ mìíràn máa ń fi irú eré yìí ta àwọn tí ó mọ ìṣirò lọ́rẹ, á ní kí àwọn yòókù jókòó ti ìwé wọn. Èyí kò dára rárá. Ẹni tí ìṣirò ń dẹ́rù bà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún ní ègé kan lọ́wọ́, kí ó máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ẹ má sì sọ pé kò sí owó. Bí kò bá sí ọpọ́n, ṣebí ilẹ̀ ni ọmọdé ń gbẹ́ ta ayò? Páálí, rúlà, sísọ́ọ̀sì àti àwọ̀ mẹ́rin ti tó. Lójú tèmi, èyí tí ẹ bá fọwọ́ ara yín gé sàn ju èyí tí a rà lọ. Bí ẹ bá gé e tán, ẹ ka gbogbo ilé tí ó wà lára ègé yín. Bí kò bá pé 89, ẹ tún àwọn onílé márùn-ún wò.